Bí Eunice Ṣe Kọ Jethro Sílẹ̀ ní Kóòtù

Eunice kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní opó. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ kò kú. Ó wà ní Kankon, ara rẹ̀ le, ó sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àwọn obìnrin ìjọ wa ni wọ́n ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lò, nítorí wọ́n rò pé "opó" rọ ẹnu ju "obìnrin tó kọ ọkọ sílẹ̀" lọ. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, Eunice á dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló kú? Ẹ má bá mi sin ẹni tó ń mí o. Mo kọ̀ ọ́ ni, mi ò sin ín."

Òun ló jàre. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ni opó. Ẹni tó kọ ọkọ, tó sì padà sílé bàbá rẹ̀, dálémosú ni, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dùn létí.

Gberefu ni ilé bàbá rẹ̀ wà, láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Ó ń ṣe òróró àgbọn tà. Èdè Gùn ni wọ́n fi tọ́ ọ. Yorùbá rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bó bá ń kánjú, Gùn á yọjú níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, òun ló máa ń pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn orin. Gbogbo wa á ti pa ìwé dé, Eunice á ṣì wà lórí "Àmín". A ti bá a sọ ọ́. Ó ní Ọlọ́run kò tíì sọ pé ó tó.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ni Jethro, ọmọ Àpá, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nítòsí èbúté ní Àgbádárìgì. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Jẹ́jẹ́ ni Jethro. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, ó lè kan ìṣó kan tán kó tó dá ọ lóhùn. Eunice kì í dúró de ìṣó. Ó ń bi í, ó sì ń bá a dáhùn. Dàá ló ń pè é, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ọkùnrin tó bá jù wọ́n lọ, òun náà sì ń pè é ní Ìyá Fèyí. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí: Jethro fẹ́ kí wọ́n máa gbé ní Àpá, Eunice sì ní òun kò lè gbé níbi tí òun kò ti ní gbọ́ ìró òkun.

Wọ́n lọ bá Àlùfáà Rewájú, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ wa, pé kó bá wọn kéde ìgbéyàwó. Àlùfáà kí wọn kú oríire, ó sì béèrè ìwé.

"Ìwé wo, sà?" ni Eunice wí. "Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé mo ti kúrò nílé ọkùnrin yẹn."

"Ìjọ mọ̀, ma. Èmi ò mọ̀."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún ilé-ẹjọ́ kí àwọn náà sọ fún mi. Ẹ̀dà ìdájọ́ ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀."

Ìwé tí wọ́n fún Eunice nígbà tí wọ́n tú wọn ká ti bá omi lọ lọ́dún tí ọ̀sà wọ yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àyè láti fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn ni a fi ń kéde ìgbéyàwó. Bí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Lẹ́ńtì á wọlé dé, Àlùfáà sì ti sọ pé òun kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ aya nínú Lẹ́ńtì. Ó di ẹ̀yìn Àjíǹde nìyẹn. Kí Àjíǹde tó dé, Fèyí, ọmọ kan ṣoṣo tí Eunice bí, á ti lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun.

"Mi ò ní ṣe ìgbéyàwó tí ọmọ mi máa wò nínú fóònù," ni Eunice wí. "Màá gba ìwé yẹn lọ́sẹ̀ yìí."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ kọjá sí ìlú. Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti tú wọn ká, ibẹ̀ náà ló sì lọ. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ ń jẹ́ Adékọ́lá, ọmọ Èkìtì, ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi eyín hàn. Àwọn ènìyàn kan jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń dúró de tiwọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo wá gba ẹ̀dà ìwé ìkọ̀sílẹ̀ mi."

"Ẹ káàárọ̀, ma. Ta ló pẹjọ́, ẹ̀yin ni àbí ọkọ yín?"

"Èmi ni. Òun ò lè pẹjọ́ kankan, oorun ò jẹ́."

Ó sọ orúkọ tirẹ̀ àti ọdún tí wọ́n tú wọn ká. Akọ̀wé kọ ọ́.

"Ó dáa. Orúkọ ọkọ?"

Eunice wo òkè. Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Fèyí."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni mò ń béèrè, ma."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò lè pè é ni."

"Kí ló ṣe orúkọ náà?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ."

"Ma, ẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mi ò pe orúkọ ọ̀hún. Ìsinsìnyí tí mi ò jẹ ẹ́ mọ́, kí ni mo tún fẹ́ máa pè é fún?"

Àwọn tó wà lórí àga gígùn bá wọn dá sí i. Ọ̀kan ní, "Ẹ pè é, màmá! Kò lè gbọ́ láti Kankon!" Òmíràn ní kó sọ ọ́ sétí akọ̀wé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Adékọ́lá gbé bíròò rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn Bàbá Fèyí pọ̀ níbí, ma. Èmi tí mo jókòó yìí, Bàbá Fèyí ni wọ́n ń pè mí nílé. Àbí èmi lẹ kọ̀ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Eunice náà rín in, ṣùgbọ́n kò la ẹnu pe orúkọ. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó mú bíròò lórí tábìlì, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "Oyèlékè" sórí ìwé.

"Ẹnu mi ò pè é," ó ní. "Ọwọ́ mi ló kọ ọ́."

Akọ̀wé gbé ìwé náà sókè, ó kà á síta: "Oyèlékè!" Eunice yí ojú sí ẹnu ọ̀nà kíá, bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ dáhùn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ẹjọ́ náà. Ohun tó kù ni kí olórí àwọn akọ̀wé fọwọ́ sí ẹ̀dà, ó sì ti lọ sí ìpàdé. Adékọ́lá ní yóò dé lọ́la, Jímọ̀, kí Eunice padà wá lẹ́yìn aago méjìlá, kó má sì jẹ́ kó kọjá aago méjì tí àwọn á ti ilẹ̀kùn. Eunice figbe ta. Àgbọn tó kún ilé ló ti là sílẹ̀, ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ rin ín, kó fún un, kó gbé e kaná; bí ó bá di ọjọ́ kejì, á kan.

"Ẹ ní ẹni tó lè bá yín gbà á?"

"Mo ní. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ma, kí n lè mọ ẹni tí màá fún. Àbí ẹ ò lè pe tirẹ̀ náà?"

"A ò tíì ṣe ìgbéyàwó. Mo ṣì lè pè é. Jethro!" Ó pè é débi pé àwọn tó wà níta gbọ́.

Ní èbúté, ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí, iná fóònù rẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Ó dúró lórí pákó, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Jethro. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

"Mo ti ko yin sile ni kootu. E lo gba iwe lola leyin aago mejila. E ma pe mi, foonu mi fe ku."

Mo ti rí i tí àwọn tó kàwé ju Eunice lọ ń kọ Yorùbá báyìí, láìsí àmì lórí, láìsí àmì lábẹ́. Kí ẹ wo ohun tó ń fà. Ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹni tí a kọ sínú ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a kọ̀. Bí orúkọ ènìyàn bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe wà nínú àkọlé ìtàn yìí, àwọn méjèèjì á tilẹ̀ dún bákan náà. Ṣùgbọ́n "yín" ni Eunice kọ, níwájú "yín" wọn kò sì dọ́gba. Ẹnìkan lè sọ pé ohùn àárín kì í gba àmì, pé Eunice kò ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ní?

Jethro ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fá pákó díẹ̀ sí i, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Níyì, gbẹ́nàgbẹ́nà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bi í pé kí ló dé.

"Ìyá Fèyí ti kọ̀ mí sílẹ̀."

"Èèwọ̀! Ṣé ẹ ti fẹ́ra yín ni?"

"A ò tíì fẹ́ra wa."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ẹni tí wọn ò tíì fẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Kóòtù ló ti ṣe é. Ó ní kí n lọ gba ìwé mi."

Níyì gba fóònù, ó kà á, ó sì mi orí. Ohun tí Jethro kà lòun náà kà. "Obìnrin yìí yára o! Ọkọ àtijọ́ ló lọ gba ìwé rẹ̀, ó wá pa yín pọ̀ mọ́ ọn." Ó tún tẹjú mọ́ fóònù. "Ẹ wò ó, ó lè jẹ́ 'ẹ máa pè mí' ló kọ síbí o."

"Ẹni tó kọ̀ mí kò ní ní kí n máa pe òun. Ọ̀rọ̀ Àpá ni. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kúrò ní Gberefu. Ó ti dá mi lóhùn nìyẹn."

"Ẹ ṣáà lọ gba ìwé yín, ẹ̀gbọ́n. Ó kéré tán, ẹ ó ní ẹ̀rí pé ẹnìkan rò ó pé òun fẹ́ yín rí."

Jethro kò rín ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ ni kò pe Eunice.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò lọ sí ilé-ẹjọ́. Ó wọ kóòtù dúdú tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu. Ó ti pinnu pé òun fẹ́ gba àga òun.

Àga náà kò tóbi. Ìyókù pákó ọkọ̀ ló fi kàn án fún Eunice kó lè máa jókòó fún àgbọn. Orí rẹ̀ gan-an ló sì wà lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rì sínú ọpọ́n, ó ń fún àgbọn rínrin. Fàthíà, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí àlejò tó ń bọ̀ láti etí omi.

"Jethro ló ń bọ̀ yìí. Wo kóòtù!"

"Mo mọ̀ pé ó máa lọ sí kóòtù," ni Eunice wí, kò sì gbé ojú sókè. "Ẹni tó ṣeé rán níṣẹ́ ni." Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. "Ẹ kú àbọ̀, Dàá. Ìwé ńkọ́?"

Jethro dúró gbọnyin. "Ẹ ò tilẹ̀ ní kọ́kọ́ béèrè bí mo ṣe sùn?"

"Ẹ máa sọ ìyẹn tó bá yá. Ìwé ńkọ́? Ṣé ẹ gbà á?"

"Mi ò gbà á."

"Ẹ ò gbà á kẹ̀?"

"Mi ò gbà á, mi ò sì ní gbà á láéláé. Ìyá Fèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga mi."

"Àga wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ jókòó lé. Pákó mi ni, èmi ni mo kàn án, mo wá gbé e lọ."

Eunice wo ọwọ́ rẹ̀ tó funfun fún àgbọn, ó wo Fàthíà, ó tún wo Jethro. "Máwù o!" ó fi Gùn ké pe Ọlọ́run. "Dàá, ṣé ibà ló ń ṣe yín ni?"

"Ara mi le. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ mí, ẹ ò bá dúró kí ẹ sọ ọ́ lójú mi. Fóònù lẹ fi ṣe é!"

"Ta ló kọ̀ yín?"

"Ẹ̀yin!"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ yín tí mo fi máa kọ̀ yín?"

"Ohun tí Níyì náà béèrè nìyẹn!"

Ó fa fóònù yọ nínú kóòtù, ó sì kà á bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kíkà nínú ìsìn. "Mo ti kọ̀ yín sílẹ̀ ní kóòtù. Ẹ lọ gba ìwé lọ́la. Ẹ má pè mí."

Fàthíà fi asẹ́ bo ẹnu. Eunice fò dìde, omi àgbọn ta sílẹ̀.

"Kọ! Kọ ni mo kọ! Mi ò kọ kọ̀!"

Gbólóhùn náà rí rúdurùdu létí, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

"Orúkọ yín ni mo kọ sílẹ̀! Mo fi bíròò kọ ọ́ fún akọ̀wé kí wọ́n lè fún yín ní ìwé mi. Bàbá Fèyí ni mo kọ̀! Ẹ̀yin, mo kàn kọ yín ni!"

Jethro tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì láìmú ìró jáde. "Ẹ ò bá fi àmì sí i," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ọkọ̀ ti fẹ́ já mi sílẹ̀! Ibo ni mo ti fẹ́ rí àmì lórí pákó èbúté? Aago mélòó ló lù?"

Jethro wo fóònù. Aago kan ti kọjá.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ kọ̀ àti kọ mọ́. Eunice nu ọwọ́ sára ìró, ó ní kí Fàthíà bá òun wo àgbọn, ó sì sáré. Jethro sáré tẹ̀lé e. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, tí wọ́n ti dé àárín ọ̀sà, kí Eunice tó rí i pé ó gbé àga náà lọ́wọ́.

"Dàá, kí lẹ fẹ́ fi àga ṣe?"

Jethro wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ dìde lórí rẹ̀ ni," ó ní. "Mo ti sọ pé màá gbé e."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ lọ díẹ̀ sí i. Omi ń ta sí wọn lára.

"Ìyá Fèyí."

"Mò ń gbọ́."

"Gberefu náà la máa gbé."

"Iṣẹ́ yín tó wà nílùú ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ni mò ń kàn. Bí mi ò bá lè fi ọkọ̀ kọjá omi lọ síbi iṣẹ́, kí ni mò ń kàn án fún?"

Eunice gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ó tẹjú mọ́ ìlú títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì, àga náà wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ẹjọ́, Adékọ́lá ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró!" Eunice kígbe láti orí ọ̀kadà. "Ẹ dúró, Bàbá Fèyí!"

Akọ̀wé yí padà. "Ma, ẹ rọra. Ìyàwó mi lè máa kọjá. Láti aago méjìlá ni mo ti ń wo ojú ọ̀nà. Ta ni Jethro yín?"

Jethro bọ́ sílẹ̀, ó tún kóòtù ṣe. "Èmi ni ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀, sà," ó wí, ó sì fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. "Kọ. Ohùn àárín."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n kí lẹ gbé àga wá fún? Àwa náà ní àga níbí."

Ó tún ilẹ̀kùn ṣí. Eunice fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, ó sì gba ẹ̀dà náà. Gbogbo rẹ̀ pé: orúkọ, nọ́ńbà ẹjọ́, ìbuwọ́lù, òǹtẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà ni àmì àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà, tó ń dán fún òróró. Akọ̀wé ní ìyẹn kì í ṣe ti ilé-ẹjọ́ o.

Ní Sátidé, Àlùfáà Rewájú ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ imú.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí, ma?"

"Ìdájọ́ ni, sà."

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìjọ kún dáadáa. Fèyí jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè tuntun, Jethro wà ní ọwọ́ ọ̀tún, Eunice sì wà pẹ̀lú àwa akọrin. Àlùfáà ka orúkọ àwọn méjèèjì síta, ó sì sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kó wí i nísinsìnyí. Ó dúró bó ṣe yẹ kó dúró.

Jethro húkọ́.

Gbogbo ìjọ yí orí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà? Ẹ ní nǹkan láti sọ?"

"Ikọ́ ni," ni Jethro wí, ojú ń tì í.

"A ò gbọ́ yín lẹ́yìn," ni ẹnìkan nínú ìjọ ké.

"Ikọ́ ni, sà! Ikọ́ lásán ni!"

"Ẹ máa kà á lọ, sà!" ni Eunice wí láti àárín àwa akọrin. "Ọkùnrin yẹn ò ní ìdí kankan!"

Fèyí fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Àlùfáà Rewájú dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó fi awò ojú rẹ̀ padà, ó sì sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun ń kéde rẹ̀ nìyẹn, ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.